Bọ̀ọ̀dá Okùn Kò Sí Nínú Ìwé

₦18,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lórí àwo ìdúpẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ni mo ṣe. Méjì ṣì wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n wa títí di òní, torí àwọn tí orúkọ wọn wà lára wọn ti fiṣẹ́ sílẹ̀ kí àwọn ọmọ wa tó débẹ̀ rárá.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Àwọn ọmọ wa lo ọjọ́ márùn-ún ní àgọ́ ní Òkè Ìdànrè nígbà ìsinmi. Wọ́n gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600, wọ́n fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta. Ọmọbìnrin mi, tó máa ń gbọ̀n tó bá gun àga lásán, délé tán, okùn aṣọ ló fi ń ta kókó kiri. Èmi ni mo kọ ọ́ sórí WhatsApp àwọn òbí pé ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ wọn. Wọ́n ní ẹ ṣeun, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ bá wa ṣe é.

Owó kíkó kò nítàn. Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì síta, kẹ́ ẹ má sì tijú láti rán èèyàn létí láràárọ̀.

Orúkọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo pe ọ́fíìsì wọn, wọ́n fi orúkọ mẹ́fà ránṣẹ́, mo gbé e lọ fún atẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá. Ọjọ́ tí àwo dé, ọmọ mi yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mọ́mì, Bọ̀ọ̀dá Okùn dà?"

"Ta ni Bọ̀ọ̀dá Okùn?"

"Ẹni tó ń so okùn mọ́ wa nídìí ni. Màmá Àkàrà náà ò sí níbẹ̀."

Mo tún pe ọ́fíìsì. Akọ̀wé ní òun á pè mí padà, kò pè. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wà ní mítìǹgì. Lọ́jọ́ kẹrin ni ẹnì kan tó là á yé mi pé ìwé ọdún tó kọjá ni wọ́n fi ránṣẹ́, àti pé àwọn tí mò ń bèèrè yẹn, òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni wọ́n, wọn kì í sí nínú ìwé. Ìyẹn dùn mí ju owó lọ. Ẹni tó ta kókó tí ọmọ mi fi rọ̀ lára àpáta! Ọmọ náà fi bó ṣe ń ṣe é hàn mí: á ta á bíi nọ́ńbà 8, á fi ṣóńṣó okùn tọ ipa rẹ̀ padà, á fà á lẹ́ẹ̀mejì, á wá ní, "Fọwọ́ tìẹ wò ó." Ọmọ tí kò bá fọwọ́ kàn án kò ní sọ̀.

Ọ̀gá àgọ́ ló yọ mí. Bàbá náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Man O' War, tó ń kọ́ni ní ìfaradà àti bí a ṣe ń ṣe aṣáájú, ní Òkè Shere lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní etíkun Kamẹrúùnù lọ́dún 1951. Kì í fọ̀rọ̀ gùn. Ó ní, "Ẹ wá fúnra yín."

Mo wọkọ̀ dé Àkúrẹ́, mo tún wọ òmíràn dé Òdòdé Ìdànrè. Màmá Àkàrà ń fọ ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, ó rẹ́rìn-ín, ó wá fi tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ hàn mí: àpá eyín wà nídìí rẹ̀ yíká, torí ẹnu ló fi ń gbé e dání tó bá ń dáná ní ìdájí. Bọ̀ọ̀dá Okùn ní tiẹ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣe àwo fún mi. Ibo ni mo fẹ́ gbé e kọ́?" Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà rẹ̀ ti yanu, okùn ló fi dì í.

Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ orí àti bàtà òkè tòkunbọ̀ tó nípọn ni mo rà. Àpapọ̀ owó wọn kò tó ti àwo méjì tó wà nílé yìí. Ká ní mo kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ ni, mi ò bá má tiẹ̀ pe ọ́fíìsì.

Atẹ̀wé ní òun lè pa orúkọ ara àwo rẹ́, kí n mú ₦6,000 wá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò dá a lóhùn.