Bí A Ṣe Ń Dá Mọ́ọ̀sì Tó Hewú Mọ̀ Lórí Ògiri Ìlú Ọba

Ẹni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Leeds á ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ọ̀sì yìí, ìyẹn ewéko kékeré kan tó ń hù mọ́ ara ògiri àti òkúta, láìmọye ìgbà láì bojú wò ó. Grimmia pulvinata ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Bíi ti gbogbo mọ́ọ̀sì, kò ní gbòǹgbò gidi, kì í sì í yọ òdòdó. Ńṣe ló máa ń ṣù rùbùtù, gíga rẹ̀ kì í sì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ.

Ibi tó ń gbé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá wọgbó. Ẹ lọ síbi ògiri kúkúrú tó wà níwájú ilé, kẹ́ ẹ wo orí rẹ̀ àti àárín bíríkì níbi tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí. Ẹ wo òrùlé àtijọ́, afárá oníkọnkéré, àti òkúta ibojì nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Òkúta ẹfun ló fẹ́ràn jù, ẹfun tó wà nínú sìmẹ́ǹtì àti kọnkéré ló sì jẹ́ kí àárín ìgboro bá a lára mu tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà ìrúwé ló dáa jù láti wá a, torí ìgbà yẹn ni àmì tó dájú jù máa ń hàn dáadáa.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 dání, kẹ́ ẹ gbé e sún mọ́ ojú yín, kẹ́ ẹ wá fi orí sún mọ́ mọ́ọ̀sì náà. Ẹ ó rí i pé irun funfun gígùn kan ló parí ṣóńṣó ewé kọ̀ọ̀kan. Irun yìí ló mú kí gbogbo rẹ̀ hewú tó bá gbẹ, òun ló sì ń dín agbára oòrùn kù lára ewé.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àpò kéékèèké tó kó lẹ́búlẹ́bú tó fi ń pọ̀ sí i sínú. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tí àpò náà bá ṣì kéré, ọrùn rẹ̀ á tẹ̀ kọrọdọ, á ki orí bọ àárín ewé. Tó bá gbó tán ló máa ń nà ró díẹ̀díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ wò ó, torí mọ́ọ̀sì míì tí wọ́n ń pè ní Tortula muralis náà wà lórí ògiri kan náà, òun náà ní irun funfun. Àmọ́ ọrùn tiẹ̀ gùn, ó sì dúró ṣánṣán, ewé rẹ̀ sì máa ń lọ́ tó bá gbẹ.

Tí èyí tẹ́ ẹ rí bá gbẹ, ẹ kán omi díẹ̀ sí i. Láìpẹ́, ewé rẹ̀ á là, àwọ̀ ewé á sì yọ lábẹ́ ewú náà. Ó máa ń wù mí wò gan-an ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i kúrò, pàápàá lára ibojì olóògbé: ó pẹ́ kó tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ látòkè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ fi owó ẹyọ kan tì í kí ìwọ̀n rẹ̀ lè hàn, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ àti ohun tó hù lé sílẹ̀, ì báà jẹ́ bíríkì, kọnkéré tàbí òkúta ẹfun.