Ẹ máa gé àlùbọ́sà tútù díẹ̀ lé oúnjẹ lórí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Bí ẹ bá ń se ẹ̀wà, ẹ yọ ìdajì àlùbọ́sà sílẹ̀, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́ lé e lórí nígbà tí ẹ bá bù ú tán. Ọ̀bẹ ló ń jí agbára inú àlùbọ́sà. Bí a bá ti gé e, àwọn èròjà onímí-ọjọ́ inú rẹ̀ á yí padà: òmíràn á máa ta wá lójú, òmíràn sì wà tí wọ́n ti dán wò ní yàrá àyẹ̀wò, tó ń dènà kòkòrò àrùn bíi Staphylococcus aureus. Iná kì í jẹ́ kí púpọ̀ nínú wọn kù. Quercetin, èròjà mìíràn nínú àlùbọ́sà, ní tirẹ̀ máa ń fara da iná díẹ̀, ìpele ìta ló sì pọ̀ sí jù, nítorí náà èèpo gbígbẹ nìkan ni kí ẹ bó dànù.

Àmọ́ o, ara èèyàn yàtọ̀ sí àwo àyẹ̀wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún omi rẹ̀ sójú tàbí sínú egbò, ẹ má sì fi rọ́pò oògùn tí dókítà kọ fún ọmọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ bò ó dáadáa sínú fíríìjì. Bó bá sùn síta, kòkòrò lè pọ̀ lórí òun náà.