Iṣẹ́ fi tíṣà sílẹ̀, tíṣà ò fi iṣẹ́ sílẹ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì

Nọ́ọ̀sì tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ní ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn, èmi ni mo kọ́ ọ ní a-b-d. Ó fi bíró pupa kọ 172/104 sínú káàdì mi, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí èmi náà ṣe máa ń fà á sábẹ́ ìṣirò tí ọmọ bá ṣì. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yín déédéé?" Mo ní mò ń lò ó. Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo ọmọ tó bá sọ pé ewúrẹ́ ló jẹ ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá òun.

Ọdún 1983 ni mo wọṣẹ́, mo sì fẹ̀yìn tì lọ́dún 2018 lẹ́yìn ọdún 35, kí òfin ọdún 2022 tó sún ìfẹ̀yìntì tíṣà sí ẹni ọdún 65 tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́ tó dé. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti lo gbogbo rẹ̀, láti Ìsìkàn nínú Àkúrẹ́ títí dé Ọba-Ilé. Nígbà tí a bá pàdé níbi ìpàdé àwọn afẹ̀yìntì, tí oníkálukú ń ka àìsàn rẹ̀ bí ẹni ń pe rẹ́jísítà, mo máa ń rí i pé gbòǹgbò kan náà ni àṣìṣe wa ní: ẹni tó ti fi ọdún 35 máàkì ìwé ẹlòmíì kì í fẹ́ kí wọ́n máàkì tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máàkì tèmi níṣojú yín, kí ẹ wo èyí tó bá jọ tiyín níbẹ̀.

Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí pé ara yá

Èmi náà ti ṣe èyí rí, òun ni mo sì ń rí jù lára àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. Kò rí bí ibà tí ń mú ara gbọ̀n, kò rí bí eyín tí ń gún ni lóru. Ẹ óò lo oògùn fún oṣù méjì, nọ́ọ̀sì á wọ̀n ọ́n, á bá a ní 130/80, ẹ óò ní ó ti san, ẹ óò sì gbé páálí náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oògùn yẹn gan-an ló fà á wálẹ̀. Bí ẹ bá dá a dúró, ibi tó ti ń bọ̀ ló máa padà sí, á sì máa jẹ ọkàn, kíndìnrín, ojú àti ọpọlọ díẹ̀díẹ̀ láìpariwo.

Ìdí mìíràn wà tí a kì í fẹ́ sọ. Owó ni. Wọ́n ní ọ̀run ni èrè tíṣà wà, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ níbí ni kẹ́mísì ti ń gba owó oògùn. Pẹ́ńṣàn ọ̀pọ̀ wa ò tó nǹkan, oògùn sì ń gbówó lórí. A ó wá dá ọgbọ́n: a ó lò ó lónìí, a ó fi tọ̀la sílẹ̀, a ó sì sọ fún dókítà pé ojoojúmọ́ là ń lò ó. Dókítà á wo káàdì, á rò pé oògùn náà ò ràn wá, á fi òmíràn kún un, èyí tó tún wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Irọ́ ara wa la wá ń fowó rà. Gbólóhùn kan ló yẹ ká sọ: "Dókítà, agbára mi ò ká èyí." Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó wọ́n wà lóòótọ́, èyí tí kò wọ́n tó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa wà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n báwo ni tíṣà àgbà yóò ṣe sọ fún ọmọ tó ti fi pàṣán nà rí pé òun ò lówó lọ́wọ́?

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún yín, ẹ má bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà kí ẹ kàn na apá sí wọn. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ tẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ẹ gbé apá lé tábìlì kó bá àyà dọ́gba, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Ti ẹnu pípa mọ́ yìí ló ṣòro jù fún wa. Ẹni tí tirẹ̀ bá sì ń tó 140/90 lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó má sọ pé oòrùn ló fà á.

Iyọ̀ ńkọ́? Kò yẹ kí gbogbo èyí tí àgbà ń jẹ lóòjọ́ ju gíráàmù 5 lọ, nǹkan bíi ṣíbí tíì kan, iyọ̀ inú mágí àti ti inú búrẹ́dì sì wà nínú òǹkà náà. Ẹni tó ní òun ò jẹ iyọ̀ mọ́, tó wá ń fọ́ mágí mẹ́rin sínú ìkòkò ẹ̀fọ́, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù rèé: àrùn rọpárọsẹ̀. Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan ò gbé sókè mọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ má jókòó máa wádìí ẹni tó ta á lọ́fà. Ẹ má rọ àgbo sí i lẹ́nu. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ohun tẹ́ ẹ rọ á gba ibi èémí lọ. Ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì rántí aago tó bẹ̀rẹ̀, torí pé oògùn tí wọ́n fi ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ọpọlọ, láàárín wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fún ènìyàn. N ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà o. Inú ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ ti gbà á. Ọ̀rẹ́ mi kan lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹní níbi àdúrà kó tó fojú kan dókítà. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń kọ̀wé sójú pátákó fún ọdún 32 ò gbé ṣíbí títí di òní.

Ẹ má ra ìlera orúnkún nínú bọ́ọ̀sì

Tíṣà kì í jókòó ní kíláàsì, orúnkún ló sì ń san gbèsè ìdúró náà. Bí ẹ bá ń lọ sí Oǹdó láti Àkúrẹ́, kí bọ́ọ̀sì tó kúrò ní gáréèjì, ẹnìkan á ti dìde, á fi ìrìn-àjò wa lé Ọlọ́run lọ́wọ́, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn: làkúrègbé, jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀yìn ríro, àìróorunsùn, ojú tí kò ríran dáadáa. Oògùn kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì, mo na owó sí i. Ó sì ṣiṣẹ́! Lọ́jọ́ kejì, mo rìn dé Ọjà Ọba láìdúró sinmi. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sí lára ike náà, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè, torí inú mi ń dùn. Nígbà tí mo gbé ike náà dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísì, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni bóyá ẹsẹ̀ mi ti ń wú.

Àwọn oògùn ìrora tí a mọ orúkọ wọn pàápàá, bí ibuprofen àti diclofenac, kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà ń jẹ lójoojúmọ́ bí ẹ̀pà. Wọ́n a máa ti ìfúnpá sókè, wọ́n a máa dá egbò sí inú ikùn, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá lára ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀yin tí ìfúnpá yín kọ̀ tí kò wálẹ̀, ẹ gbé gbogbo ọ̀rá oògùn tó wà nínú ilé fún dókítà wò, títí kan èyí tẹ́ ẹ fi pamọ́.

Ohun tí orúnkún ń fẹ́ ni kí iṣan itan lágbára, kí ara sì fúyẹ́. N ò sọ pé kẹ́ ẹ lọ gun òkè Ìdànrè. Ẹ jókòó lórí àga, ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú gbọọrọ, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ na ìkejì. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rìn ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Àwọn kan nínú wa wà tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún wọn ní lẹ́tà ìfẹ̀yìntì, láti àga dé ẹnu ọ̀nà ni ìrìn wọn mọ.

Wíìtì kì í ṣe oògùn àtọ̀gbẹ

Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ó ní àtọ̀gbẹ, aládùúgbò á ní kó sá fún iyán, kó máa jẹ wíìtì tàbí àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Á wá ro wíìtì tó tó orí ọmọ tuntun, á jókòó tì í tọkàntọkàn. Iyán o, ẹ̀bà o, wíìtì o, inú ara ni gbogbo wọn ti ń di ṣúgà. Bí wọ́n ṣe pọ̀ tó lórí àwo ni kẹ́ ẹ wò. Èyí bọ́ sí rere fún wa, torí ará Èkìtì ló kàn gba orúkọ iyán, àwa ará Oǹdó náà ò fi ṣeré. Ìwọ̀nba òkèlè, ẹ̀fọ́ tó pọ̀, ẹja. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá tó 126 láàárọ̀ kí ẹ tó fẹnu kan nǹkan, lórí ẹ̀rọ tó ń fi mg/dL kà, tí wọ́n tún un wọ̀n tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ni, omi ewúro nìkan ò sì ká a. Ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín lálaalẹ́, torí àtọ̀gbẹ a máa mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri. Ènìyàn á tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ láìmọ̀.

Ojú, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ò bá lè kàwé mọ́. Àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, ẹ̀gbẹ́ ojú ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ, àárín á ṣì mọ́ kedere, èyí tó bá sì jẹ kì í padà wá. Jígí tí wọ́n ń pàtẹ lọ́jà ò lè sọ ìyẹn fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, tẹ́ ẹ ń sọ pé omi tẹ́ ẹ mu ni. Ẹ lọ bá dókítà.

Owó àjẹmọ́nú

Ẹni tó bá dàgbà díẹ̀ á rántí Údójì ọdún 1975, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún òṣìṣẹ́. Owó já bọ́ lójijì, wọ́n ra rédíò, wọ́n ra alùpùpù, kó tó pẹ́, ọwọ́ ti mọ́. Owó àjẹmọ́nú, owó ńlá tí wọ́n ń san fún ẹni tó fẹ̀yìn tì, ni Údójì tiwa, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé débi pé gbèsè á ti jókòó dè é. Ẹ má ka iye rẹ̀ sétí ẹbí. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ rán ọmọ lọ sí Kánádà pé ó máa fi dọ́là san án padà. Ẹ má sì gbé e fún ẹni tó ní òun á sọ ọ́ di ìlọ́po láàárín oṣù kan. Nígbà tí MMM, ètò tó ń ṣèlérí ìlọ́po owó, ti ìlẹ̀kùn ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ẹnìkan tí mo mọ̀ ti kó owó sínú rẹ̀. Tíṣà ìṣirò ni o.

Ẹ tún yẹ fọ́ọ̀mù yín wò. Ẹ̀gbọ́n mi kan nídìí iṣẹ́ kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó máa gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dún tó wọṣẹ́. Ìyá kú, ó sin ín, kò yí orúkọ náà padà. Nígbà tí òun náà kú, aya rẹ̀ ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn.

Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ìyàwó nìkan ló mọ oògùn yín

Ọmọ wa obìnrin bímọ l'Ékòó, ìyá rẹ̀ lọ bá a wẹ ìkókó. Oṣù mẹ́ta ló dá, ó ti di mẹ́sàn-án báyìí. Ọjọ́ kẹta tó lọ ni mo tó mọ̀ pé mi ò mọ orúkọ oògùn mi. Òun ló máa ń já a sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, èmi á sì gbé e mì: funfun kékeré kan, pupa rẹ́súrẹ́sú kan. Bó ṣe lọ tán, mo ń jẹ búrẹ́dì àti tíì lálẹ́, mò ń gbàgbé funfun, mò ń gbàgbé pupa. Ibẹ̀ ni 172 ti wá. Bó bá pè lórí fóònù, mo máa ń ní, "Dáadáa ni, ẹ tọ́jú ọmọ." Ojú ń tì mí láti sọ pé ilé ò rọrùn láti dá gbé.

Nígbà tí àwọn ọmọ gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì kọ, àkọ́bí mi sọ̀rọ̀ tó dùn mí: "Bàbá, ẹ kì í sọ nǹkan kan fún wa àfi tó bá ti di gbígbé lọ sílé ìwòsàn." Èmi tí mo máa ń sọ fún ọmọ iléèwé pé kí wọ́n nawọ́ sókè bí ọ̀rọ̀ ò bá yé wọn.

Mo ti kọ orúkọ oògùn méjèèjì, ìwọ̀n wọn àti àsìkò wọn sórí páálí bíi táìmù-tébù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Àbígbẹ̀yìn mi tó wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Ákùúrẹ́ níbí, ní kí n máa ya fọ́tò páálí oògùn ránṣẹ́ sóun lórí WhatsApp lálaalẹ́. Ọmọ tí mo kọ́ ní àkàyé! Inú bí mi fún ọjọ́ méjì gbáko, mi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí n padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Oògùn ọjọ́ 14 ló fún mi, ó sì ní kí n gbé páálí náà dání, pé òun fẹ́ kà á. Mo ti kà á fúnra mi lálẹ́ àná. Mẹ́rin ló yẹ kó kù nínú funfun. Mẹ́fà ni mo bá.