Mo Fẹ́ Tún JAMB Ṣe Kí N Lè Lọ Ilé-Ìwé Tó Dáa Ju Èyí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Láti Ìjẹ̀bú Òde

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní JAMB ní Ìjẹ̀bú Òde. Àwọn tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í dà mí láàmú. Àwọn tó ti wọ ilé-ìwé kan, tí wọ́n tún fẹ́ lọ sí òmíràn, ni wàhálà wọn ń pọ̀: ọmọ Ìjagun tó fẹ́ UI, ọmọ tó ń ṣe OND ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń wá yunifásítì, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè tí ọkàn rẹ̀ wà ní UNILAG. Wọ́n rò pé ohun tí àwọn ti ṣe sẹ́yìn á tẹ̀ lé àwọn wá. Kì í tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Lójú fọ́ọ̀mù tuntun, àlejò ni ọ́. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ti ń wá, mo sì ti dáhùn wọn títí ohùn mi fi há.

Ìbéèrè: Àǹtí, 248 ni mo gbà lọ́dún tó kọjá. Ṣé mi ò lè fi wọ ilé-ìwé mìíràn lọ́dún yìí?

Ìdáhùn: Rárá. Ọdún kan péré ni máàkì JAMB ń lò. Kódà kó jẹ́ 300 lo gbà, ó ti lọ.

Ìbéèrè: Mo fi NIN ránṣẹ́ sí JAMB, kóòdù tí wọ́n fi ń gba fọ́ọ̀mù ò wá.

Ìdáhùn: Wo owó orí fóònù rẹ. Kọ NIN, fi àyè sílẹ̀, kọ nọ́ńbà 11 rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Síìmù tìrẹ ni kó o lò, kì í ṣe ti bàbá rẹ, kì í ṣe ti ẹni tó ni kàfé. Tó o bá ti ṣe JAMB rí, síìmù ìgbà yẹn ni. Tó bá ti sọnù, lọ gba nọ́ńbà náà padà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni ín kó o tó ṣe ohunkóhun.

Ìbéèrè: Orúkọ tó wà lórí NIN mi yàtọ̀ sí ti WAEC.

Ìdáhùn: Ọ̀dọ̀ NIMC, àwọn tó ń fúnni ní NIN, ni wọ́n ti ń tún un ṣe, kó o tó forúkọ sílẹ̀. Inú NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ. Ẹni tó bá ní òun lè bá ọ yí i padà láti inú kàfé, gba ìwé rẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó o máa lọ.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí n tún ìdánwò ṣe? Mo wà ní 100 level, mo fẹ́ fi ṣe Direct Entry.

Ìdáhùn: O ò lè fi 100 level ṣe Direct Entry. Ìwé tó ti parí ni DE ń bèèrè: OND, NCE, IJMB, JUPEB àti irú wọn. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú wọn kò ní jókòó ṣe ìdánwò JAMB rárá. Fọ́ọ̀mù DE ló máa gbà, 200 level ló sì máa wọ̀. JAMB á bèèrè nọ́ńbà JAMB tó fi wọ ibi tó ti gba OND tàbí NCE yẹn, nítorí náà kó wá a jáde láti ilé.

Fún ìwọ tó wà ní 100 level, ọ̀nà méjì ló kù. O lè tún UTME, ìdánwò JAMB fúnra rẹ̀, ṣe kó o bẹ̀rẹ̀ láti 100 level níbi tó ò ń lọ. O sì lè bèèrè fún transfer. Transfer kò ní ìdánwò JAMB nínú, ṣùgbọ́n ilé-ìwé tó o fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ ní àyè, wọ́n á wo CGPA rẹ (àpapọ̀ máàkì rẹ ní ilé-ìwé), fọ́ọ̀mù kan sì wà lórí pọ́tálì JAMB fún un. Láti ilé-ìwé sí ilé-ìwé ni transcript, ìwé tí wọ́n kọ máàkì rẹ sí, ń lọ, wọn kì í fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn tèmi: tí CGPA rẹ bá dára gan-an, kọ́kọ́ gbìyànjú transfer. Tí kò bá dára, má fi oṣù mẹ́fà lépa rẹ̀, lọ ka ìwé JAMB rẹ.

Ìbéèrè: Ṣé kí n sọ fún JAMB pé mo ti wà ní ilé-ìwé kan?

Ìdáhùn: Sọ ọ́. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé o wà ní ilé-ìwé kan tó o tún gba fọ́ọ̀mù. Fífi í pamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, ó sì lè gba ti àtijọ́ àti ti tuntun mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọmọ ilé-ìwé kan kì í ní nọ́ńbà mátíríìkì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tó o bá gba àyè tuntun, ti àtijọ́ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ náà, máa lọ sí kíláàsì rẹ. Mo ti rí àwọn tó pa ilé-ìwé tì nítorí JAMB, tí àyè kò sì jáde. Ọdún méjì ni wọ́n pàdánù.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kúrò nínú Economics Education lọ sí Nọ́ọ̀sì.

Ìdáhùn: Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì ni wàá fi kún English nínú JAMB. Wo IBASS, ìwé ìtọ́nà JAMB fúnra rẹ̀ nìyẹn, má béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Tí kò bá sí Kẹ́místírì nínú WAEC rẹ, WAEC ni kó o kọ́kọ́ lọ ṣe. 350 nínú JAMB kò lè bò ó.

Ìbéèrè: Wọ́n ní 150 ti tó fún yunifásítì.

Ìdáhùn: 150 ni wọ́n fi ṣe ìsàlẹ̀ lọ́dún 2025 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tó dáa tó ò ń lépa ní tirẹ̀. UI kì í wo ẹni tó bá wà lábẹ́ 200, wọ́n sì fẹ́ kó o fi àwọn ṣe àkọ́yàn. Tìtorí pé o fẹ́ kúrò níbi kan lo ṣe ń ṣe wàhálà yìí. Má fi máàkì tó máa dá ọ padà síbẹ̀ tẹ́ ara rẹ lọ́rùn.

Ìbéèrè: Máàkì mi pé, mo ṣe Post-UTME, ìdánwò ti ilé-ìwé fúnra rẹ̀, dáadáa, àwọn tí mo jù lọ ti wọlé. Èmi ò rí nǹkan kan.

Ìdáhùn: Fara balẹ̀ ka eléyìí. Àbúrò mi obìnrin ló ṣẹlẹ̀ sí, oṣù mẹ́ta gbáko la fi bá a jà.

Ó ti lo ọdún kan ní ilé-ìwé olùkọ́ni kan. Ó tún JAMB ṣe, ó gba 261. Ó ṣe Post-UTME, ó yege. Wọ́n gbé orúkọ àkọ́kọ́ jáde, kò sí níbẹ̀. Wọ́n gbé ìkejì jáde, kò sí níbẹ̀. CAPS, ibi tí JAMB ti ń fúnni ní àyè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń sọ pé wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gba 230, kọ́ọ̀sì kan náà, ti ń ra búkẹ́ẹ̀tì àti mátírẹ́ẹ̀sì. Ìyá wa bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Bàbá wa ní ká lọ wá ẹni tó mọ ẹnì kan. Kò sí ẹni tó ní ká yẹ ìwé wa wò.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná wà, mo gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ síwájú, pépà kan ṣoṣo tó ti ká sí mẹ́rin. Fọ́tò rẹ̀ wà lókè, àwọn ilé-ìwé tó yàn tẹ̀ lé e, ibi tó yẹ kí èsì WAEC wà sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Dípò A1 tàbí B3, ohun tó wà níwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni A/R, A/R, A/R. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èsì kò tíì jáde. WAEC tó ti jáde láti ọdún méjì!

Mo bi í. Ó ní lọ́jọ́ tó lọ forúkọ sílẹ̀, èrò pọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bi í pé WAEC rẹ̀ ń kọ́, òun sì dáhùn pé ó ti wà níbẹ̀ láti JAMB àkọ́kọ́. Kò purọ́. Wọ́n ti gbé e sókè nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ti àkọ́kọ́ nìyẹn, fọ́ọ̀mù tuntun kì í jogún nǹkan kan lára ti àtijọ́. Ẹni yẹn tẹ A/R, ó ní kí ẹlòmíì máa bọ̀.

Lọ́jọ́ kejì a lọ gbé èsì náà sókè. Wọ́n gba owó, wọ́n tẹ pépà kan fún wa, a dúpẹ́, a lọ. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ìyàtọ̀. Mo fẹ́ wo CAPS fúnra mi lórí fóònù, mi ò rí ibi tí èsì wà. Ọmọ kan ní tútóríà ló kọ́ mi: tẹ àmì dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà ní igun Chrome, yan Desktop site, kó o jẹ́ kí ojú ìwé náà tún ara rẹ̀ ṣí. Àwọn àkọlé tó fara pamọ́ á jáde sápá òsì, ibi tí èsì O'level wà á sì wà lára wọn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Èsì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọdún tí wọ́n kọ kì í ṣe ọdún tó ṣe WAEC, wọ́n sì ti ṣi ẹyọ kan tẹ̀ nínú nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀. Ilé-ìwé tó bá fi nọ́ńbà yẹn yẹ̀ ẹ́ wò kò ní rí i.

Ìgbà kẹta, mo tẹ̀ lé e lọ. Mo dúró lẹ́yìn ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, mo mú ojúlówó èsì dání, mo ń kà á sókè fún un: nọ́ńbà ìdánwò, ọdún, May/June, English C5, Maths B3. Mi ò jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ wọlé títí a fi kà á dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àyè jáde. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀sì tó fẹ́ ti kún, òmíràn ni wọ́n fún un. Ó gbà á, ó sì ti parí báyìí. Òfin ló fẹ́ kà, 261 sì tó o. Ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, ọmọ tó bá wá bá mi pé àyè òun kò jáde, kí a tó sọ̀rọ̀ kankan, mo ń ní kó tú ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ síwájú mi. Wo ìsàlẹ̀ ìwé tìrẹ lónìí. Tí A/R bá wà níbẹ̀, lọ sí ibùdó CBT (ibi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) tí JAMB fọwọ́ sí, kí wọ́n gbé èsì rẹ sókè, kó o dúró tì wọ́n. Lẹ́yìn náà, fi ojú ara rẹ wò ó nínú CAPS. Pépà tí wọ́n tẹ̀ fún ọ kì í ṣe ẹ̀rí. Tó bá wà níbẹ̀, tó péye, tí ọ̀sẹ̀ méjì sì kọjá tí wọ́n ṣì ní ilé-ìwé kò rí i, má lọ sí kàfé mìíràn mọ́. Ọ́fíìsì JAMB ní Abẹ́òkúta ni kó o lọ, pẹ̀lú ìwé ìforúkọsílẹ̀, ojúlówó èsì àti NIN.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní Ṣàgámù ní òun lè fi 60 kún máàkì mi.

Ìdáhùn: Olè ni. Lọ́dún 2025, nígbà tí àṣìṣe ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, jáde sọ ọ́ ní gbangba, àwọn ọmọ 379,997 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò sì ní àǹfààní láti tún ìdánwò ṣe. Ìdánwò ni wọ́n tún ṣe. Kò sí ẹni tó fi máàkì kún ti ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè (láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìkẹ́nnẹ́): Àǹtí, ọmọ mi wà ní community college, ilé-ìwé gíga ọlọ́dún méjì, ní Texas, ó fẹ́ lọ sí yunifásítì ńlá. Ṣé kó tún SAT, ìdánwò ìwọlé wọn níbẹ̀, ṣe?

Ìdáhùn: Mà, ẹ má tíì sanwó. Lọ́dọ̀ wọn, máàkì kíláàsì tó ti kó jọ ni ilé-ìwé púpọ̀ ń wò fún ẹni tó ń yí ilé-ìwé padà. University of California kì í wo SAT rárá. Àwọn mìíràn máa ń bèèrè rẹ̀ tí kíláàsì tó ti ṣe kò bá tíì pọ̀. Kó ka ojú ìwé tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan kọ fún transfer, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ fún ọmọ tó ń ti sẹ́kọ́ńdìrì bọ̀. Tí wọ́n bá tún bèèrè TOEFL, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, kó wo ọjọ́ orí èyí tó ní lọ́wọ́, ọdún méjì ni èsì rẹ̀ ń lò.