Bí GIMP kan ṣoṣo ṣe gbé dátà ọ̀sẹ̀ mi mì, àti bí mo ṣe fi fíláṣì gbé e dé kọ̀ǹpútà yòókù

Dátà 4GB ni mo rà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, èrò mi sì ni pé yóò gbé ṣọ́ọ̀bù dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti ku bíńtín. Kò sẹ́ni tó wo fíìmù, kò sẹ́ni tó wọ TikTok. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ fura sí, mo sì ti pariwo mọ́ wọn kí n tó mọ̀ pé GIMP, ètò tí a fi ń tún àwòrán ṣe tí èmi fúnra mi fẹ́ fi sórí kọ̀ǹpútà, ló jẹ ẹ́. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ká ní ẹnì kan ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún mi ṣáájú ni, ó kéré tán ìdajì owó yẹn ì bá ṣì wà lápò mi.

Ìwé ètò òkú, káàdì ìgbéyàwó àti bánà ọjọ́ ìbí ni iṣẹ́ wa, ní Ìbàdàn níbí. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta la ní, Debian 12 (irú Linux kan tó ń darí kọ̀ǹpútà dípò Windows) ló wà lórí gbogbo wọn nígbà náà, bí mo sì ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, torí kì í yọ èèyàn lẹ́nu. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2025, ẹni tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ bánà kan fi fáìlì XCF, irú fáìlì tí GIMP fi ń tọ́jú iṣẹ́, ránṣẹ́ sí mi pé kí n parí rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, GIMP kọ̀ jálẹ̀: ó ní irú XCF yìí kò yé òun. GIMP 2.10.34 ló wà lọ́wọ́ mi, ẹni yẹn sì ti ń lo GIMP 3.0, tó jáde ní ọjọ́ 16 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún yẹn. Àwọn fílítà tuntun tí 3.0 ń tọ́jú sínú fáìlì láì ba àwòrán abẹ́ rẹ̀ jẹ́, 2.10 kò mọ̀ wọ́n rí. Oníbàárà sì fẹ́ bánà rẹ̀ ní ọjọ́bọ̀.

Ẹ má rò pé mo kàn lè fi apt, ohun tí Debian fi ń gbé ètò wá, gbé 3.0 wá. Láti oṣù Òkúdù ọdún 2023 tí Debian 12 ti jáde, ẹ̀yà GIMP tó bá a wá náà ló wà níbẹ̀. Àtúnṣe ààbò nìkan ni wọ́n ń ṣe sí i. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí Debian máa dúró ṣinṣin, n kò sì bínú sí i.

Mo pe ọmọkùnrin kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ju èmi lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi Flatpak gbé e. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni." Mo gbà á gbọ́.

Bí èèyàn ṣe ń fi Flatpak (ọ̀nà mìíràn láti gbé ètò wá) àti Flathub (ilé ìkẹ́rùsí tó ti ń gbé wọn) sórí Debian kò le, n kò ní fi ìyẹn gbà yín lákòókò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ fojú sí. Mo tẹ flatpak install flathub org.gimp.GIMP, tẹ́mínà, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, sì gbé tábìlì kan jáde. GIMP kọ́ ló wà lókè rẹ̀. org.freedesktop.Platform.GL.default wà níbẹ̀, org.gnome.Platform.Locale wà níbẹ̀, org.gnome.Platform fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀, iye MB tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ wà ní apá ọ̀tún, pẹ̀lú àmì < níwájú iye kọ̀ọ̀kan. GIMP tí mo wá rà lọ́jà wá dúró sí ìsàlẹ̀ pátápátá bí ẹni tí kò ní ẹrù. N kò ro wọn pọ̀. Mo tẹ y. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ro wọn pọ̀ kí ẹ tó tẹ y. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1GB.

Mo ti wá mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Agboolé tó ní kànga kan ni apt. Ohun èlò tí ètò méjì jọ ń lò, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ń gbé e wá, kálukú á sì máa pọn omi níbẹ̀. Nítorí náà, tí èèyàn bá fi apt gbé ètò tuntun, ó lè má ju MB mélòó kan lọ, torí èyí tó pọ̀ nínú ohun tó nílò ti wà nílé. Flatpak kò fọkàn tán kànga yín. Ó fẹ́ kí ètò kan náà ṣiṣẹ́ bákan náà lórí Debian àti àwọn Linux mìíràn bíi Fedora àti Arch, ló ṣe ń gbé ìkòkò, àdògán àti omi tirẹ̀ dání. Ẹrù yẹn ni wọ́n ń pè ní runtime. Ètò mìíràn tó bá ń lo runtime kan náà, ẹ̀yà kan náà, kò ní gbé òmíràn wá, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n Kdenlive, ètò tí a fi ń gé fídíò, tí ọmọ iṣẹ́ mi fi sí kọ̀ǹpútà kejì lọ́jọ́ yẹn kan náà, org.kde.Platform ni tirẹ̀ fẹ́. Ẹrù mìíràn nìyẹn, dátà mìíràn nìyẹn.

Tó bá parí síbẹ̀ ni, ǹ bá má kọ nǹkan kan. Abẹ́ /var/lib/flatpak ni Flatpak ń kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sí tí èèyàn kò bá sọ nǹkan kan fún un, èmi sì ti pín díìsìkì mi bí àwọn àgbà ṣe kọ́ mi: 20GB fún ètò, gbogbo ìyókù fún /home, ibi tí fáìlì tèmi wà. Runtime wọlé, àyè tán, Flatpak sì kọ̀ láti gbé GIMP gan-an wọlé pé òun ò gbọ́dọ̀ jẹ 500MB tó kẹ́yìn nínú díìsìkì. Mo pa ohun tó ti wọlé rẹ́, mo fi --user bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kó lè wọ inú /home. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi dátà ra ẹrù kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí root yín (apá díìsìkì tó wà fún ètò) bá kéré bíi tèmi, --user ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

GIMP 3.0 ṣí. Fáìlì XCF ṣí. Mo parí bánà náà lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì dára gan-an. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà méjì ṣì kù, n kò sì ní ra 1GB fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo búra pé n kò ní rà á.

Pẹ̀lú apt-get, mo ti mọ ohun tí mo máa ń ṣe: màá kó àwọn fáìlì .deb tí ètò wà nínú wọn láti /var/cache/apt/archives sórí fíláṣì, màá gbé wọn lọ, ó parí. Mo wá bí Flatpak ṣe ń ṣe irú rẹ̀, mo rí àṣẹ kan tó ń jẹ́ create-usb. Inú mi dùn. Mo ki fíláṣì 16GB bọ̀ ọ́, mo tẹ àṣẹ náà, ó ní GIMP kò sí níbẹ̀. Báwo ni kò ṣe ní sí níbẹ̀ nígbà tó ṣí sílẹ̀ níwájú mi! Ó gbà mí tó ogún ìṣẹ́jú kí n tó rántí pé --user ni mo fi gbé e, nítorí náà --user ni mo gbọ́dọ̀ fi bèèrè rẹ̀.

Mo fi --user sí i. Ó tún kọ̀. Ó ní flathub kò ní "collection ID", bẹ́ẹ̀ kò lè pín nǹkan láti ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ láìsí i. Orúkọ tí Flatpak fi ń dá ilé ìkẹ́rùsí mọ̀ nìyẹn, kí ẹ̀rọ kejì lè mọ̀ pé ibi kan náà lẹrù fíláṣì ti wá. Àṣẹ tó yanjú rẹ̀ rèé, ẹ dà á kọ síbi tí kò ti ní sọnù:

flatpak remote-modify --user --collection-id=org.flathub.Stable flathub

Lẹ́yìn ìyẹn, create-usb bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń kìlọ̀ pé àwọn Locale kò pé, torí èdè tí mo ń lò nìkan ló wà lórí ẹ̀rọ mi. Ẹ jẹ́ kó máa kìlọ̀. Àṣẹ --allow-partial ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Àwọn fáìlì kéékèèké ló ń kó, ó sì falẹ̀. Iná lọ láàárín rẹ̀, a tan jẹnẹrétọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó parí, mo ṣí fíláṣì láti wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Òfo ni. Kò sí fáìlì kan, kò sí fódà kan.

Mo jókòó. Mo rò pé iná tó lọ ló bà á jẹ́, mo fọ fíláṣì náà mọ́ tónítóní, mo sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Òfo lẹ́ẹ̀kejì. Agogo mẹ́wàá alẹ́ ti lù, wọ́n ti ń pè mí nílé. Ìgbà tí mo tẹ df -h, àṣẹ tó ń fi àyè tó ti lò hàn, ni mo rí i pé ju 1GB lọ ti lò nínú fíláṣì tí ojú mi ń rí bí òfo. Mo wá tẹ Ctrl+H. Fódà kan yọjú: .ostree. Àmì tóótó tó wà níwájú orúkọ rẹ̀ ló fi í pamọ́! Láti ìgbà àkọ́kọ́ ló ti wà níbẹ̀. Mo ti fi ọwọ́ ara mi nu iṣẹ́ wákàtí kan dànù nítorí àmì tóótó kan, kò sì sí ibì kankan nínú gbogbo ohun tí mo kà tí wọ́n ti sọ fún ẹni tó kọ́kọ́ ń ṣe é pé fíláṣì rẹ̀ máa dà bí òfo.

Ìyókù yá. Lórí kọ̀ǹpútà kejì, mo fi collection ID kan náà sí i, mo sì tẹ flatpak install --user --sideload-repo= pẹ̀lú ọ̀nà tó dé inú .ostree/repo lórí fíláṣì, kì í ṣe ọ̀nà fíláṣì lásán. Ó lo dátà díẹ̀ láti yẹ àkójọ Flathub wò, ó sì kó gbogbo ẹrù ńlá láti inú fíláṣì. Ẹ̀kẹta náà bẹ́ẹ̀. N kò parọ́, orí mi wú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ dúró tì mí, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń wọlé tí dátà fóònù kò fi bẹ́ẹ̀ dín, mo sì bẹ̀ wọ́n nítorí ariwo tí mo pa mọ́ wọn.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́ pé àwọn tó ń ṣe GIMP fúnra wọn ń gbé AppImage jáde fún 3.0. Fáìlì kan ṣoṣo: ẹ gbé e sórí fíláṣì, ẹ fún un láṣẹ kó lè ṣiṣẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Ó dùn mí wọ egungun. Tí AppImage kan bá ní òun kò rí libfuse.so.2, sudo apt install libfuse2 lórí Debian 12 ló máa yanjú rẹ̀. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ kánjúkánjú ọjọ́ méjì ni, AppImage ni kí ẹ lò, ẹ má dà bí èmi.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2023, wọ́n rí àléébù burúkú nínú libwebp, ohun tí àìmọye ètò fi ń ṣí àwòrán WebP. Àwọn tó ń pọn omi nínú kànga Debian, àtúnṣe libwebp kan ló wo gbogbo wọn sàn. Ètò tó gbé libwebp tirẹ̀ pamọ́ sínú ara rẹ̀, àfi kí ẹni tó ṣe é gbé òmíràn jáde, kí ẹni tó ń lò ó sì lọ fà á wálẹ̀. Àwòrán àwọn ẹni tí n kò mọ̀ rí là ń ṣí lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Kò yẹ kí n máa ṣí wọn pẹ̀lú ètò tí kò sẹ́ni tó ń bá mi ṣọ́.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Ògún ọdún 2025, Debian 13 jáde pẹ̀lú GIMP 3.0 nínú apt. Mo gbé kọ̀ǹpútà méjì bọ́ sí i, mo yọ GIMP ti Flatpak kúrò lórí wọn, mo sì tẹ flatpak uninstall --user --unused, torí àwọn runtime kì í bá ètò lọ tí ẹ bá yọ ọ́; ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ lé wọn. Èyí tó kù ṣì ń lo ti Flatpak, pẹ̀lú Kdenlive. Fíláṣì náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tiwa ti yá a lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti lẹ bébà mọ́ ọn lára, mo kọ Ctrl+H sí i gàdàgbà.