Ọmọ yín wọ ẹgbẹ́ atukọ̀ nílé ìwé: àwọn àṣìṣe tí ẹbí kò gbọdọ̀ ṣe

Bí ìwé bá dé láti ilé ìwé pé wọ́n ti mú ọmọ yín sí ẹgbẹ́ atukọ̀, àwọn tó ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ ojú omi nínú eré ìje, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí l'Abẹ́òkúta máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé èló ni owó rẹ̀, ọjọ́ wo ni wọ́n sì ń ṣe é. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé ṣé ọmọ náà mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe tí a fẹ́ sọ yìí ti ń wá: ẹbí sanwó tán, wọ́n wá fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ fún kóòṣì. Kóòṣì kan lè máa ṣọ́ ọmọ mẹ́jọ lórí omi lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ń bẹ, tiyín náà ń bẹ, ilé ni tiyín sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

"Ó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́"

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọmọ láìjẹ́ pé ẹ fojú rí i. Ọmọ tó ń fọwọ́ lu omi nínú omi ìwẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń kanlẹ̀, kò tíì lúwẹ̀ẹ́. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ ní kó ṣe lójú yín, níbi omi ìwẹ̀ tí ẹni tó mọ bí a ṣe ń yọ èèyàn lómi wà. Kó wẹ̀ tó 50 mítà láìdúró, pẹ̀lú aṣọ tó máa fi tukọ̀ lọ́rùn. Kó léfòó lójú kan fún ìṣẹ́jú 2 láìdi nǹkan kan mú. Kó mòòkùn gba abẹ́ omi kọjá tó mítà 5, nítorí pé bí ọkọ̀ bá dojú dé, orí ọmọ lè wà lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó tí ẹ fẹ́ fi ra aṣọ ẹgbẹ́, ẹ fi bẹ olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ná. Èyí tó sì mọ̀ ọ́n dáadáa náà ń fẹ́ ìkìlọ̀. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ.

Ìmọ̀ràn burúkú kan wà tí àwọn òbí máa ń fún ọmọ tọkàntọkàn: "Bí ọkọ̀ bá dànù, yára wẹ̀ lọ sí èbúté." Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ eré ìje kì í rì bọ̀rọ̀, nítorí pé wọ́n dí orí àti ìdí rẹ̀ pa, afẹ́fẹ́ ló wà nínú wọn. Èbúté tó dà bíi pé ó wà nítòsí lè jìnnà ju agbára ọmọ tí àyà rẹ̀ ti já lọ. Orí èèyàn kan ṣoṣo lójú omi ṣòro láti rí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ, tó gùn tó nǹkan bíi mítà 17 sí 18, hàn láti ọ̀nà jíjìn. Ohun tí ọmọ máa ṣe ni kó yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú bàtà, kó jáde, kó di ara ọkọ̀ mú, kí wọ́n pe orúkọ ara wọn kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹnì kan ṣẹ́ kù, kí wọ́n wá dúró de ọkọ̀ kóòṣì.

Bàtà yẹn, ẹ lọ wò ó fúnra yín. Wọ́n dè é mọ́ inú ọkọ̀, ẹsẹ̀ ọmọ nìkan ló ń wọlé tó ń jáde. Okùn kékeré kan so gìgísẹ̀ bàtà mọ́ pákó ìtẹsẹ̀. Ẹ fọwọ́ gbé gìgísẹ̀ bàtà náà sókè: okùn yẹn gbọ́dọ̀ dá a dúró kó tó ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 lọ. Ìgbà tí bàtà bá dúró síbẹ̀ ni ẹsẹ̀ máa yọ. Bí okùn bá ti já, tàbí tí wọ́n fi í sílẹ̀ gígùn, bàtà á máa tẹ̀ lé ẹsẹ̀ lọ sókè, á sì di ọmọ mú ní ìdojúdé. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ṣóńṣó orí ọkọ̀. Rọ́bà róbótó kan, tí ìbú rẹ̀ kò kéré sí sẹ̀ǹtímítà 4, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni àwọn atukọ̀ ń kọ sí ibi tí wọ́n ń lọ, nítorí náà ọkọ̀ tí rọ́bà rẹ̀ ti jábọ́ dà bí ọ̀kọ̀ tí wọ́n jù láìwojú. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti bàjẹ́, ẹ sọ fún kóòṣì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ọmọ yín kò ní wọ ọkọ̀ yẹn lónìí.

Omi wo, ìgbà wo?

Odò Ògùn tí à ń gba orí afárá Láfẹ́ńwá kọjá kì í ṣe ọ̀kan náà lóṣù kìíní àti lóṣù kẹwàá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpáta máa ń yọrí. Nígbà òjò, omi ń sáré, ó sì ń gbé igi àti pàǹtí bọ̀. Ara ọkọ̀ eré ìje fẹ́lẹ́, àpáta kan ti tó láti là á. Ìdí nìyí tí omi tó dákẹ́, irú adágún tó wà lẹ́yìn ìdídò (dáàmù) Ọ̀yán, fi dára fún eré yìí ju odò tó ń ṣàn lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ ní Ọ̀yán, inú Odò Ògùn ló ń dé, omi lè kún ní ìsàlẹ̀ láìjẹ́ pé òjò rọ̀ l'Abẹ́òkúta. Bí ẹ bá gbọ́ ìkìlọ̀ lórí rédíò pé wọ́n fẹ́ tú omi, ẹ má jẹ́ kí ọmọ lọ sí odò tó wà nísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà, kódà bí oòrùn bá ń ràn.

Ti àrá kò gba àríyànjiyàn. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí àrá bá sán kí ẹ tó ka 30 dé, gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti kúrò lómi, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ padà síbẹ̀ títí ìṣẹ́jú 30 fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Òbí tó ń pe kóòṣì pé "ẹ jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀ kíá, mo ti wà níta" ń fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ewu.

Ibi tí ojú oró àti òṣíbàtà bá ti bo omi náà kò dára. Wọ́n ń wé mọ́ àjẹ̀, àjẹ̀ tó bá sì há máa ń ju ọmọ sómi.

Àtọ̀sí ajá

Àwọn abúlé tó yí adágún Ọ̀yán ká mọ àìsàn yìí dáadáa. Ìgbín omi kékeré ló ń tú kòkòrò rẹ̀ sínú omi, kòkòrò náà á sì gba awọ ara wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ọkọ̀ tó lè wọ omi, àwọn ọmọ á kọ́kọ́ rìn nínú omi tó dé orúnkún wọn, etí omi níbi tí ewéko wà gan-an ni ìgbín wọ̀nyí sì ń gbé. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níhìn-ín. Àkọ́kọ́ ni pé ẹbí máa ń dúró títí ọmọ yóò fi tọ ẹ̀jẹ̀. Ọmọkùnrin lè fi í pamọ́, ti ọmọbìnrin sì lè dà bí nǹkan oṣù. Èkejì ni ríra oògùn ní kẹ́mísì ní ọ̀sẹ̀ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀. Praziquantel tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ ń pa aràn tó ti dàgbà, kì í fi bẹ́ẹ̀ pa èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìwọ̀n ara ọmọ sì ni wọ́n fi ń ṣírò iye tó máa lò. Ẹ gbé ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀, ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ irú omi bẹ́ẹ̀. Ìtọ̀ tí ọmọ bá tọ̀ láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ló dára jù fún un, nítorí pé ìgbà yẹn ni ẹyin aràn ń pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọwọ́, ẹ̀yìn, aṣọ

Ìléròrò máa wà ní àtẹ́lẹwọ́. Ẹ má ra ìbọ̀wọ́: ó máa ń ká jọ lábẹ́ ọwọ́, ìléròrò á sì pọ̀ sí i, ọmọ kò sì ní mọ bí àjẹ̀ ṣe ń yí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má bó awọ rẹ̀, ẹ má sì fi eérú tàbí kẹrosíìnì sí i. Omi àti ọṣẹ ni, kí ẹ fi búláńsítà bò ó bó bá bẹ́. Ọwọ́ tó wú, tó gbóná, tó pọ́n, ilé ìwòsàn ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn dídùn la fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Àwọn ọmọ á máa lo ẹ̀rọ títukọ̀ lórí ilẹ̀, wọ́n á sì máa ti irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé 10 pé agbára nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú ẹ̀rọ nìkan ni irin yẹn ń ṣí. Láàárín 3 sí 5 ló yẹ ọmọ. Ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ti, ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e, apá á wá fà kẹ́yìn. Bó bá ń padà, apá á kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e, orúnkún á wá ká. Ọmọ tó bá ń fi ẹ̀yìn ṣáájú ẹsẹ̀ máa mú ìrora wálé. Fífi róòbù pa á lálẹ́ kí ẹ sì dá a padà láàárọ̀ kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi, kí kóòṣì sì wo bó ṣe ń fà á. Bí ìhà bá ń dùn ún nígbà tó bá ń mí kanlẹ̀ tàbí tó ń húkọ́, kó dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà, nítorí pé egungun ìhà lè ti fẹ́ sán.

Ṣòkòtò fẹ̀ǹfẹ̀ kò dára: ìjókòó ọkọ̀ ní kẹ̀kẹ́ lábẹ́, ó ń lọ ó ń bọ̀, ó sì máa ń wé aṣọ mọ́ra. Èyí tó fún mọ́ itan ni kí ẹ rà, kí ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọrùn sílé.

Oúnjẹ àti "ó kéré, ẹ fi í ṣe olùtọ́kọ̀"

Ẹ̀bà wákàtí kan ṣáájú odò máa ń padà wá sí ọ̀nà ọ̀fun, nítorí pé orúnkún ń kan àyà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fà á. Oúnjẹ gidi gbọ́dọ̀ ṣáájú títukọ̀ ní wákàtí 2 sí 3. Bó bá jẹ́ àfẹ̀mọ́júmọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti búrẹ́dì ti tó, kó wá jẹ ìrẹsì ọ̀fàdà àti ẹyin tó bá dé. Kó ní ike omi tirẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ẹ má febi pa ọmọ kó lè fúyẹ́ fún iṣẹ́ olùtọ́kọ̀, ẹni tó ń darí ọkọ̀ tí kì í fa àjẹ̀. Ní ìdíje àgbáyé, olùtọ́kọ̀ tí kò tó kílò 55, àpò iyanrìn ni wọ́n ń gbé fún un kó lè pé. Olùtọ́kọ̀ kì í ṣe ọmọ tí kò lè tukọ̀. Òun ló di ìtọ́kọ̀ mú, òun ló ń sọ pé "ẹ dúró" tí ewu bá dé, ohùn rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbọ́. Bó bá jẹ́ pé inú ihò tóóró kan ní iwájú ọkọ̀ ló ń dùbúlẹ̀ sí, ẹ má gba jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó tó ń fẹ́ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ tó bá kan omi, nítorí pé ó lè wú nínú ihò tóóró yẹn kó má lè jáde.

Àṣìṣe tó kù wà nínú ìwé tí ẹ máa fọwọ́ sí. Òbí máa ń fi ikọ́ fée, wárápá tàbí SS pamọ́ kí wọ́n má bàa yọ ọmọ kúrò. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ oògùn àti iye tó ń lò. Kí ìnhélà wà nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, lọ́wọ́ kóòṣì nínú ọkọ̀ tirẹ̀, kó má wà nínú báàgì létí omi. Kí nọ́ńbà méjì tí ẹ máa kọ sílẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó máa gbé fóònù ní aago mẹ́fà àárọ̀.