Bí Mo Ṣe Ṣètò Ìpàgọ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa Pẹ̀lú Àwọn Òbí Tó Yọ̀ǹda Ara Wọn

Nígbà tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa fa ètò ìpàgọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lé mi lọ́wọ́, iye àgbàlagbà tí yóò bá wa sun ibùdó ni mo kọ́kọ́ béèrè, kí n tó béèrè iye àgọ́ tó wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ wà láàárín ọdún 11 sí 14. Ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí yìí lè gbé ẹrù ara rẹ̀, ó lè pa àgọ́, ó sì lè dáná bí a bá kọ́ ọ, ṣùgbọ́n òtútù lè máa mú un láti alẹ́ mọ́jú kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa olùkọ́ kò pọ̀ tó láti mójú tó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àwọn òbí la gbọ́dọ̀ bẹ̀ lọ́wẹ̀, mo sì tètè rí i pé ṣíṣètò àwọn àgbàlagbà ni yóò gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò mi.

Lẹ́tà tí mo kọ sí wọn kò béèrè pé ta ló lè ràn wá lọ́wọ́. Bí a bá béèrè bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní àwọn á rí i bó bá ṣe lọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò sì parí sí. Mo dárúkọ àwọn iṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan: awakọ̀, ẹni tí yóò dáná oúnjẹ, ẹni tí yóò tọ́jú oògùn, ẹni tí omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, àwọn tí yóò ṣọ́ òru, àti ẹni kan tí yóò wà nílé pẹ̀lú orúkọ gbogbo ọmọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn òbí wọn, kí ó lè jẹ́ pé bí a bá ti pe ẹni yẹn, ìròyìn yóò dé gbogbo ilé. Mo kọ wákàtí tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì fi àmì sí èyí tí òbí lè ṣe láìsun ìta. Bàbá kan tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn kò fún wọn láyè láti bá wa lọ gba iṣẹ́ ẹni tí yóò jókòó ti fóònù. Ìyá kan kó àwọn àgọ́ tó ti ya lọ sílé láti rán wọn. Ó dá mi lójú pé iṣẹ́ tí òbí kò bá mọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ ló máa ń sá fún jù.

Ibi tí n kò ti gba ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni ni ọ̀rọ̀ ààbò àwọn ọmọ. Gbogbo àgbàlagbà tí yóò sun ibùdó, ìbáà ṣe olùkọ́, ìbáà ṣe òbí tí a ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò tí òfin là sílẹ̀ fún ẹni tó ń bá ọmọdé ṣiṣẹ́, kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé. Èsì àyẹ̀wò náà máa ń pẹ́ kí ó tó jáde, ìdí nìyẹn tí mo fi í ṣáájú ohun gbogbo. Ìlànà tó tẹ̀ lé e ni pé àgbàlagbà kan kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi tí ojú ẹlòmíràn kò tó. Mo pe àwọn òbí sí ìpàdé, mo sì ṣàlàyé fún wọn bí èyí yóò ṣe rí gan-an. Àgọ́ àwọn àgbàlagbà yóò wà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n yóò súnmọ́ ti àwọn ọmọ débi pé a ó máa gbọ́ ohùn wọn. Àgbàlagbà kankan kò ní wọ àgọ́ ọmọ, àyàfi bí ewu bá wà, àwọn méjì ni yóò sì jọ lọ. Ọmọ tó bá fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru yóò jí ẹnìkejì rẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ òru yóò sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀nà wọn láti òkèèrè títí wọn yóò fi padà. Bí ọmọ bá fẹ́ bá àgbàlagbà sọ ọ̀rọ̀ àṣírí, wọn yóò dúró níbi tí àwọn yòókù ti lè rí wọn bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn kan rò pé ìlànà yìí le jù, ṣùgbọ́n bó ti ń dáàbò bo ọmọ náà ló ń dáàbò bo àgbàlagbà, kò sì sí ẹni tó tún ṣàtakò lẹ́yìn tí a ti jọ gbé e yẹ̀ wò.

Ìyá kan béèrè ní ìpàdé náà pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Tísà, ṣé ọmọ mi kò ní bá mi sun àgọ́ kan náà ni?” Mo fèsì pé, “Ẹ má bínú, mà. Àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò sùn, ọ̀wọ́ mìíràn lẹ̀yin náà yóò sì máa bójú tó.” Mo ṣàlàyé fún wọn pé òbí tí ọmọ rẹ̀ bá wà nínú ọ̀wọ́ rẹ̀, ọmọ tirẹ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ yóò máa wá, ọmọ náà yóò sì máa wo ojú òbí rẹ̀ kí ó tó ṣe ohunkóhun. Wọ́n rò ó títí, wọ́n sì gbà.

Ọgbọ́n pípín ọmọ sí ọ̀wọ́ ti wà láti ayébáyé. Nígbà tí Robert Baden-Powell kó àwọn ọmọkùnrin bí 20 lọ pàgọ́ ní erékùṣù Brownsea, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kẹjọ ọdún 1907, ìpàgọ́ tí ẹgbẹ́ Scout ti ṣẹ̀, ọ̀wọ́ mẹ́rin ló pín wọn sí, ó sì fi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ṣe olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi náà pín àwọn ọmọ wa ní mẹ́fà-mẹ́fà, mo fi òbí méjì ti ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, olórí ọmọ ló sì máa ń ka àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí àgbàlagbà tó tún wọn kà. A ń ka orí kí a tó wọ ọkọ̀, nígbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀, kí a tó kúrò létí odò, lásìkò oúnjẹ, àti kí a tó sùn. Ọmọ mẹ́fà kò nira láti kà, ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá dà pọ̀ tí wọ́n ń sáré kiri, kò sí ẹni tó lè kà wọ́n kí iye náà pé.

Kí a tó san owó ibùdó, èmi àti méjì nínú àwọn òbí lọ yẹ ibẹ̀ wò lójú ọ̀sán. Òkè la kọ́kọ́ wò, nítorí ẹ̀ka gbígbẹ tó há sórí igi lè já lu àgọ́ nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́. A wá ibi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, tí omi òjò kò ní rogún sí. A wa ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn tó súnmọ́ ọn jù, kí a lè mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí àti bí yóò ṣe pẹ́ wa tó, torí àwòrán ilẹ̀ kì í sọ pé ọ̀nà ti bàjẹ́. A so aṣọ pupa mọ́ igi tó wà níbi tí fóònù ti ń gba ìpè dáadáa. Bákan náà ni a wọn ilẹ̀ láti etí odò, nítorí ó yẹ kí ó tó 60 mítà ó kéré tán láàárín odò àti ibi tí a ó ti máa fọ abọ́ tàbí tí a ó ti máa ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ̀gbin má bàa ṣàn wọ omi.

Ọ̀rọ̀ àrá àti mọ̀nàmọ́ná ló gba àròjinlẹ̀ wa jù. Àgọ́ kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ̀nàmọ́ná, abẹ́ igi sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ilé gidi tàbí inú ọkọ̀ onírin tí gbogbo fèrèsé rẹ̀ wà ní títì ni ènìyàn lè sá sí. Ìró àrá máa ń lo nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 3 kí ó tó rin kìlómítà kan, nítorí náà bí kò bá tó ìṣẹ́jú-àáyá 30 láàárín ìgbà tí mọ̀nàmọ́ná kọ àti ìgbà tí àrá sán, ìjì náà kò jìnnà ju kìlómítà 10 lọ, ó sì ti tó àkókò láti sá wọlé. A kò sì gbọ́dọ̀ jáde títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó gbẹ̀yìn. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ilé ńlá nítòsí ibùdó náà, mo pinnu pé àwọn ọkọ̀ tó gbé àwọn ọmọ wá kò ní padà sílé. Wọn yóò wà níbẹ̀ títí di ìparí, ìjókòó inú wọn yóò tó gbogbo wa, kọ́kọ́rọ́ wọn yóò sì wà níbi tí gbogbo àgbàlagbà mọ̀. Ìpinnu yìí ṣòro fún àwọn awakọ̀ kan, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n gbà.

Fọ́ọ̀mù ìlera ni mo fi ara balẹ̀ ṣe jù nínú gbogbo ìwé. Yàtọ̀ sí ìbuwọ́lù òbí àti nọ́ńbà ènìyàn méjì tí a lè pè, mo béèrè nípa oúnjẹ, kòkòrò tàbí oògùn tí ara ọmọ náà kì í gbà. Ọmọ tí dókítà bá kọ abẹ́rẹ́ adrenaline fún, ìyẹn abẹ́rẹ́ pàjáwìrì fún ẹni tí ohun tí ara rẹ̀ kì í gbà bá kọlù, abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àgbàlagbà tó ń bá a rìn, kì í ṣe nínú àpótí tó wà ní ibùdó, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èémí fi lè há mọ́ ọmọ náà lọ́fun. Ìyá tó gba iṣẹ́ oògùn kọ́ gbogbo wa bí a ṣe ń gún un sí ẹ̀gbẹ́ ìta itan, wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn pé bí ara ọmọ bá tilẹ̀ balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ilé ìwòsàn ṣì kàn án. A kọ orúkọ àwọn tó ní ásímà sílẹ̀ kí wọ́n má bàa jókòó síbi tí èéfín iná ń fẹ́ sí. Mo tún fi ojú ewé kan sí i tí ènìyàn méjì péré yóò kà, fún ọmọ tó ń tọ̀ sórí ibùsùn, èyí tó ń rìn lójú oorun, tàbí èyí tí ẹ̀rù òkùnkùn ń bà. Fún àwọn ọmọbìnrin, a gbé páàdì sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, kí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù lójijì má ní láti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò gùn. A kò jẹ́ kí oúnjẹ tó ń fẹ́ òtútù kọjá ìwọ̀n 4°C, èyí tó gbóná kò sì gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju 60°C lọ. Ohun tó bá ti wà níta fún wákàtí 2, dídà la ń dà á nù. Omi odò gbọ́dọ̀ hó kutukutu fún ìṣẹ́jú kan gbáko kí ẹnikẹ́ni tó mu ún, gbogbo ọmọ ló sì ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 kí ó tó fọwọ́ kan abọ́. Òfin kan tí mo tún sọ títí ni pé èédú tàbí sítóòfù kò gbọ́dọ̀ wọ inú àgọ́, bó ti wù kí òtútù mú tó, nítorí afẹ́fẹ́ carbon monoxide tó ń jáde lára wọn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì lè pa ẹni tó ń sùn.

Nígbà tí ọjọ́ ìrìn-àjò ń súnmọ́, a pàgọ́ sórí pápá ilé-ẹ̀kọ́, ti òbí ti ọmọ. Ọ̀pọ̀ òbí kò sun àgọ́ rí, ó sì dára kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń kan èèkàn ní ojúmọmọ ju kí wọ́n máa kọ́ ọ nínú òjò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ẹní nípọn tí a tẹ́ sábẹ́ ọmọ ṣe pàtàkì bí aṣọ tó dà bora, nítorí ilẹ̀ tutù máa ń fa ooru kúrò lára ẹni tó bá sùn lé e. A tún ìwé ẹrù àwọn ọmọ kọ lọ́jọ́ náà.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́ ní ibùdó, ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé òun fẹ́ lọ sílé. A ti bá àwọn òbí sọ ọ́ ní ìpàdé pé kí wọ́n má ṣe ṣèlérí fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé a ó pe àwọn ará ilé rẹ̀ kí wọ́n wá mú un, nítorí ìlérí náà ni yóò máa rò láti ìgbà náà lọ. Bàbá tó ń bójú tó ọ̀wọ́ rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dé òpin, wọ́n fún un lómi, wọ́n sì ní kí ó wá bá àwọn to igi ìdáná ti òwúrọ̀. Kò pẹ́ tí ó fi lọ sùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àrá sán nígbà tí àwọn ọmọ wà lórí pápá. Olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ka àwọn ọmọ rẹ̀, gbogbo wọn sì ti wà nínú ọkọ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn gidigidi láti rí i pé kò sí òbí kankan tó fi ọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ wá ọmọ tirẹ̀.

Nígbà tí a dé, a kò jẹ́ kí ọmọ kankan lọ láìjẹ́ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù buwọ́ lùwé pé òun ti gbà á. Lẹ́yìn náà ni mo pe àwọn òbí tó bá wa lọ jọ, kí ọ̀rọ̀ tó tutù lẹ́nu wọn. Wọ́n ní òru gùn jù fún àwọn tó ń ṣọ́ ọ, a sì fẹnu kò pé ẹni mìíràn yóò máa gba ìṣọ́ náà ní wákàtí méjì-méjì, àti pé ẹni tí yóò wakọ̀ padà lọ́jọ́ kejì kò gbọ́dọ̀ sí lára wọn. Ìyá tó tọ́jú oògùn ti gbà láti kọ́ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn wọn. Ní ti lẹ́tà ọdún tó ń bọ̀, mo ti kọ ọ́ tán. Yóò dé ọwọ́ àwọn òbí ní kété tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé, kí èsì àyẹ̀wò gbogbo àwọn tó bá yọ̀ǹda ara wọn lè ti jáde kí a tó dá ọjọ́ ìpàgọ́.